Ìgò Méjì Tó Sùn Sínú Àmù

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: ṣé òtútù ọ̀hún kò fẹ́ẹ̀ pa mí? Òtútù mú mi dáadáa, àmọ́ kò pa mí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgò ọtí méjì tí mo gbé bọ̀ ni mo jókòó kọ, àti ìlérí tí mo ṣe lé wọn lórí. Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé Àṣàkẹ́ ti ilẹ̀ Faransé dé, ó gbé ọtí òyìnbó bọ̀, ó sì fi pamọ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Mo fi í pamọ́ lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná, kí ẹ tó pè mí ní ahun.

Aláró ni mí. Ọwọ́ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ní Òṣogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi. Àwọn obìnrin kan tó ń hun aṣọ ní abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé rí àdìrẹ mi lára oníbàárà mi kan, wọ́n sì ránṣẹ́ pé kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn, kí n wá fi bí a ṣe ń po aró elú han àwọn. Ti ìwé ìrìnnà àti wàhálà pápákọ̀ òfuurufú, ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́.

Abúlé onífèrèsé títì

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ já wa sílẹ̀. Ilé olókùúta lọ́tùn-ún, ilé olókùúta lósì, gbogbo fèrèsé tì pinpin. Mo dúró ti àpótí mi, mò ń retí kí ẹnìkan yọjú wá kí mi káàbọ̀. Nílé wa, àlejò kò ní tíì sọ̀ tán tí ọwọ́ mẹ́ta á ti wà lára ẹrù rẹ̀.

"Àbí wọ́n ti ṣí kúrò ní ìlú yìí ni?" Mo bi Àdùkẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́ ni ògbufọ̀ mi, ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ń kàwé ní ìlú ńlá kan nítòsí ibẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Faransé, ó sì mọ èèyàn í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wọ́n wà ńlé, Mọ̀mí," ó ní. "Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n ti ń wò yín."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì ni mo rí wọn. Wọ́n ní ọ̀yàyà tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ná an díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́ ni wọ́n ń kí èèyàn. Tí ẹ bá ti sọ "bọ́ńjúù" fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì láàárọ̀, tí ẹ tún kí i lọ́sàn-án, á máa wò yín bí ẹni pé ẹ ti gbàgbé pé ẹ ti ríra. Èmi tí mo ti kí wọn kú àárọ̀, mo ń wá bí mo ṣe máa kí wọn kú iṣẹ́, kí n kí wọn kú ìjókòó, kí n kí wọn kú ọjà. Kò sí ọ̀rọ̀ fún un. Ìkíni pọ̀ nínú mi, kò ríbi jáde. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àjèjì ni mí, ó ju ti àwọ̀ ara mi lọ.

Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, Bàbá Ẹtiẹ́nì, ẹni tí ìyàwó wọn ti kú, tí wọ́n ń dá gbé nínú ilé ńlá kan. Oko àjàrà ni wọ́n jogún, ọtí pupa tí wọ́n ń pè ní wáìnì ni wọ́n sì ń fi àjàrà náà ṣe. Wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ wọn le bíi ti àwa tí a ń fọ aṣọ nínú omi eérú. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n gbé wàràkàṣì kan ka iwájú mi tí òórùn rẹ̀ mú kí Àdùkẹ́ sún àga sẹ́yìn. Mo gbóòórùn rẹ̀, irú ni mo rántí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún bù sí i. Láti ọjọ́ náà ni bàbá náà ti fẹ́ràn mi.

Ọmọ ìka àti ahọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ aró, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Ojú kò tó láti mọ̀ bóyá ìkòkò aró ti tó lò. Èèyàn á ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á sì tu ú dànù. Bí eérú bá pọ̀ jù, á ta ahọ́n. Bí elú kò bá tíì jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ẹnu á mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń tọ́ aró wò báyìí ní àgbàlá nígbà tí Bàbá Ẹtiẹ́nì ń kọjá lọ. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ọmọ ìka mi, wọ́n wo ibi tí mo tutọ́ sí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pe Àdùkẹ́.

"Wọ́n ní kí lẹ ń wá lórí ahọ́n yín?"

"Sọ fún wọn pé mò ń wò ó bóyá ó ti tó."

Bàbá náà nu ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò, wọ́n sì ṣẹ́wọ́ sí wa pé kí á máa bọ̀.

Àtẹ̀gùn òkúta ni a gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá kan lábẹ́ ilé. Bí a ṣe ń sọ̀ ni ara ń tutù. Òórùn ògiri amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbá onípákó tò lọ ní apá kan. Ní apá kejì, ìgò ni, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìgò, kò sí ọ̀kan tó dúró. Gbogbo wọn ló dùbúlẹ̀, eruku bò wọ́n bí aṣọ. Bàbá náà kò tan iná púpọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí a pariwo. Mo ní ṣé èèyàn ń sùn níbẹ̀ ni?

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni," Àdùkẹ́ dáhùn.

Bàbá Ẹtiẹ́nì fa díẹ̀ nínú àgbá kan sínú ife. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra wọn, bíi ti àgbà ilé wa tó bá fẹ́ fún àlejò lọ́tí. Inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n wá na ife sí mi, ara mi kò bi mí léèrè kí ó tó kúnlẹ̀ láti fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Háà! Bàbá ṣe bí ẹni pé mo ṣubú ni. Wọ́n fò sílẹ̀ láti gbé mi dìde, orókún tiwọn sì ké gbàù lórí òkúta wẹẹrẹ. Ni àwa méjèèjì bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ife ọtí láàárín wa, Àdùkẹ́ di àgbá mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọtí náà dúdú bí aró tuntun. Mo gbà á sẹ́nu. Ó kọ́kọ́ kan bí àgbálùmọ̀, lẹ́yìn náà ló wá fún ahọ́n mi pọ̀, ó gbẹ ẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Mo tu ú sínú korobá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá náà patẹ́wọ́. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn àlejò mìíràn láti tu ú, wọ́n á máa gbé e mì títí ẹsẹ̀ wọn kò fi ní gbé wọn mọ́.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Kajú tí kò tíì pọ́n."

Ó gba Àdùkẹ́ ní àkókò láti ṣàlàyé kajú, èso tí ń fún èèyàn lọ́fun. Nígbà tó yé bàbá náà, wọ́n mi orí gidigidi. Wọ́n ní ara èèpo àti hóró àjàrà ni ohun tó ń fún ẹnu yẹn ti wá, àti pé òun gan-an ni yóò gbé ọtí náà dé ogún ọdún. Bí ọdún bá ṣe ń lọ, yóò máa rọ̀, adùn á sì máa jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọtí tí kò bá ní i, wọ́n ní kí a tètè mu ún lọ́dún náà.

Wọ́n wá mú ìgò kan láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n tan àbẹ́là sí abẹ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n rọra ń da ọtí inú rẹ̀ sínú ìgò mìíràn kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní dúdú, ó ti di pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà oko Ìjẹ̀ṣà. Mo gbé imú sí i, n kò sì tètè gbé e kúrò. Mo gbóòórùn àpótí tí ìyá mi ń kó aṣọ òkè sí. Mo gbóòórùn awọ, àti ewé gbígbẹ, àti kòkó tí a ti sá, tí òjò wá rọ̀ sí díẹ̀, tí a tún sá. Nígbà tí mo gbà á sẹ́nu, mò ń dúró de kajú. Kajú kò dé. Ohun kan rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun mi, ó sì kù lẹ́nu mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá Ẹtiẹ́nì tọ́ka sí korobá. "Ẹ ò tu èyí."

"Bàbá, èyí ti tó."

Wọ́n ní bàbá àwọn ló ṣe é, tó sì fi í sí ibẹ̀ nígbà tó ti darúgbó. Kò mu nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi gba ìgò kejì

Kí a tó gòkè, wọ́n fún mi ní ìgò kan lára èyí tó ń fún ẹnu. Wọ́n ní kí n lọ tẹ́ ẹ sílé mi: kí ó dùbúlẹ̀, kí kọ́ọ̀kì tó dí ẹnu rẹ̀ má baà gbẹ kí atẹ́gùn má sì wọlé, kí ó wà níbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa mì í. Kí n má ṣí i títí ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣí i, kí n kọ̀wé sí ilé yìí bó ṣe rí.

"Bí mi ò bá sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á kà á," wọ́n ní.

Mo gbà. Mo fi ọwọ́ sáyà, mo ṣèlérí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọmọ ilé ire, mo tọ̀ wọ́n lọ nídìí kọfí wọn. Àdùkẹ́ kò tíì dé, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ bí a ṣe ń dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo sọ pé "mẹsí", mo sì tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ilé, pé mo dúpẹ́ àná. Bàbá náà wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dìde, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé ìgò mìíràn bọ̀. Ogún ọdún ni èyí gbọ́dọ̀ fi sùn kí a tó ṣí i, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀.

Ẹnu yà mí. Oore ńlá! Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo tún ti ń bọ̀ wá dúpẹ́ méjèèjì pọ̀, ni Àdùkẹ́ bá gbá mi mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Tí ẹ bá tún dúpẹ́, ẹ máa kó bàbá yìí nílé tán."

Níbi tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dúpẹ́. Ẹni tó bá tún padà wá dúpẹ́ láàárọ̀, wọ́n á rò pé ó ń fi ọgbọ́n bèèrè òmíràn ni. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ ilẹ̀. Mo ní kí n dá ìgò kejì padà, Àdùkẹ́ ní ìyẹn á tún burú ju ọpẹ́ lọ. Mo wá jókòó, mo pa ẹnu mọ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó jẹun tí kò kí olóúnjẹ. Nígbà tí Àdùkẹ́ rí i pé inú mi bàjẹ́, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá náà. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ní, kí wá ni ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń fèsì?

"Kò tọ́pẹ́," mo ní.

Wọ́n tún un sọ. Kò jọ ọ́ rárá. Títí mo fi kúrò lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń dánra wò nínú oko àjàrà wọn, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún igi.

Òṣogbo gbóná

Àárín àdìrẹ mẹ́rin ni mo dì wọ́n sí títí dé ilé. Kò sí èyí tó fọ́. Ilé gan-an ni wàhálà wà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ tẹ́ wọn sí ní Òkè-Baálẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo fi ọwọ́ kan ìgò, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ. Páànù ló wà lórí wa, ooru ń rọ̀ bọ̀ láti òkè. Fíríìjì ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Òkè-Fìà, wá kí mi, ó rí wọn.

"Sìsítà mi, ẹ jẹ́ ká ṣí i lọ́jọ́ Sátidé, kí á fi ẹran díńdín tì í."

"Ọdún mẹ́wàá ló kù."

"Ọdún mẹ́wàá kẹ̀? Ṣé ilẹ̀ lẹ rà ni?"

Mo rò ó títí. Ibo ló tutù, tó ṣókùnkùn, tí nǹkan kan kì í mì níbẹ̀? Mo wá rántí yàrá kan ní Iwaraja, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Yàrá àmù

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ni ilé náà. Bàbá Rélùwéè ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo kí wọ́n tó padà sí ilé bàbá wọn. Ilé amọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó apá mi. Àwọn ọmọ wọn ti fẹ́ wó o kọ́ ti búlọ́ọ̀kù láìmọye ìgbà, bàbá a ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kú ná. Nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé ni àmù ńlá kan wà, wọ́n rì í dé ìdajì sínú ilẹ̀. Omi ibẹ̀ ni mo máa ń mu ní kékeré, á tutù débi tí eyín á fi máa ro mí.

"Àṣàkẹ́! Wọ ulé, wọ ulé," Bàbá Rélùwéè pariwo. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, Ìjẹ̀ṣà kò kúrò lẹ́nu wọn rí. "Kí lo mú bọ̀ fún mi?"

Mo kó fìlà àti súwẹ́tà jáde. Wọn ò tiẹ̀ wò wọ́n. Ìgò méjèèjì tí mo gbé lé tábìlì ni ojú wọn wà.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Lọ mú ife wá."

"Bàbá, kì í ṣe ti mímu ni."

"Ti kí ni? Ti wíwẹ̀?"

Mo jókòó, mo rò ó fún wọn, títí dórí ìlérí mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú wọn ń yí padà.

"O ti ìlú òyìnbó dé, o gbé ọtí wá fún mi, o wá ní kí n máa ṣe mégáàdì rẹ̀. Ọdún mélòó lo pè é?"

"Ọ̀kan, ọdún mẹ́wàá. Èkejì, ogún."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Mo ti pé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, Àṣàkẹ́."

Àgbàlagbà yìí ló gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà àkọ́kọ́ láyé mi. Kí ni ìlérí tí mo ṣe fún àjèjì já mọ́ níwájú wọn? Irin tí a fi ń yọ kọ́ọ̀kì wà nínú báàgì mi. Mo yọ ọ́.

"Bàbá, màá ṣí ọ̀kan fún yín."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. "Òyìnbó yẹn, àgbàlagbà ni?"

"Wọ́n fẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ yín."

"Ṣé ó mọ̀ pé òun lè má mu ún?"

"Wọ́n mọ̀. Bàbá tó bí wọn náà kò mu èyí tí wọ́n fún mi mu."

Wọ́n mi orí. "Tí o bá ṣí i nísinsìnyí, báwo ló ṣe máa rí lẹ́nu?"

"Bíi kajú tí kò pọ́n."

"Kajú wà lẹ́yìnkùlé mi, n ò rán ẹ lọ sí Faransé láti wá a." Wọ́n fẹ̀yìn ti àga. "Èyí tó ti gbó tí o mu ńkọ́? Rò ó fún mi. Má sáré."

Mo rò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn òkúta, mo dé ìdí àbẹ́là, mo dé orí àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Wọ́n ti dijú. Nígbà tí mo dé ibi òórùn kòkó, wọ́n ní kí n dúró.

"Kòkó tútù ni, àbí èyí tí a ti sá?"

"Èyí tí a ti sá, tí òjò bà, tí a tún sá."

"Hẹn-ẹ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Àpò rẹ̀ ni mo ń kó sínú ọkọ̀ ojú irin ní gbogbo ayé mi. Máa lọ."

Nígbà tí mo dé ibi tí ọtí náà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun, mo rí i tí gògóńgò wọn lọ sókè, tó sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó lajú.

"Fi irin yẹn pamọ́," wọ́n ní.

Àwa méjèèjì la jọ bu yanrìn odò sínú àmù, tí kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn fúnra wọn ló tẹ́ ìgò méjèèjì sí i, tí wọ́n sì ń bi mí bóyá ọrùn kò ní wọ́ wọn. Wọ́n fi àwo amọ̀ bo ẹnu àmù.

"Ti ọdún mẹ́wàá yẹn, kọ orúkọ mi sí i. Bàbá mi lé ní àádọ́rùn-ún kí wọ́n tó lọ, n ò sì burú jù wọ́n lọ. Ti ogún ọdún, ẹ̀yin lẹ ni ín. Kí o sì sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ulé yìí fún ogún ọdún."

Ibẹ̀ ni mo sùn. Ní àárọ̀, wọ́n ní kí n pe òyìnbó náà fún àwọn. Mo pe Àdùkẹ́, ó so fóònù wa mọ́ ti Bàbá Ẹtiẹ́nì.

"Sọ fún un pé mo dúpẹ́ àná."

"Bàbá, ẹ ò tíì mu nǹkan kan."

"Ṣé dìgbà tí mo bá mu ún ni? Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́, àyà mi sì ń já kí ìgò kẹta má lọ gbéra. Àdùkẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ díẹ̀, tó sì rọra sọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tẹ òkúta kọjá odò:

"Kò... tọ́... pẹ́, Bàbá."

Bàbá Rélùwéè wo fóònù náà tìyanu-tìyanu. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ pa ilẹ̀kùn yàrá àmù dé, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé.